Eékún Tí Kò Fẹ́ San

Ìgàndó, Èkó
Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹfà, oṣù Kẹwàá, 2024

Àyìnkẹ́ ọmọ mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé òtútù Bradford kò tíì máa yọ ọ́ lẹ́nu? Àwa náà ń bẹ níbí, ọpẹ́ ni fún Ẹlẹ́dàá.

Má bínú pé mo gé fóònù mọ́ ọ lẹ́tí lánàá. Ìwọ ń pariwo, èmi náà ń pariwo, ọmọ jókòó sáàárín, ó ń sunkún. Mo wá rò ó pé kí á máa kọ ìwé síra wa lórí ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ yìí. Ọdún mẹ́rìndínlógójì ni mo fi jẹ́ tíṣà, mo sì mọ̀ pé ẹni tó ń kọ̀wé kì í já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ ẹnìkejì lẹ́nu. Màá kọ ọ́ sínú ìwé, Tolúwalọpẹ́ á ya fọ́tò rẹ̀, á fi ránṣẹ́ sí ọ lórí WhatsApp. Ìwọ náà ṣe bẹ́ẹ̀.

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyí. Lọ́jọ́ Ẹtì, Tolúwalọpẹ́ ọmọ rẹ lọ sí pápá ilé-ìwé wọn láti múra sílẹ̀ fún ìdíje oṣù Kejìlá. O mọ̀ pé nínú ká sáré ká fò sínú yanrìn, kò sí ọmọbìnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ tó ń bá a dé ibi tó ń balẹ̀ sí ní gbogbo agbègbè yìí. Kóòṣì Gideon ní ó sáré dáadáa, ó gbéra dáadáa, ṣùgbọ́n nígbà tó balẹ̀, ẹsẹ̀ òsì dúró lójú kan, ara sì yí lọ sí apá kejì. Wọ́n wá pè mí nílé. Nígbà tí mo máa débẹ̀, egungun kékeré tó bo iwájú eékún bí ọmọrí ìkòkò ti kúrò láyè rẹ̀, ó ti lọ sí ẹ̀gbẹ́. Àyìnkẹ́, mo ti dàgbà, mi ò rí irú rẹ̀ rí.

Ó ti padà sí ipò rẹ̀ báyìí. A ti rí ẹni tó bá wa tọ́jú rẹ̀. Ó kàn wú díẹ̀ ni. Kóòṣì ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó ti padà sórí pápá.

Ohun tí mo ń fẹ́ lọ́wọ́ rẹ ni kí o bá wa gba ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta. Kí o sì dẹ̀kun àtimáa pariwo mọ́ mi níwájú ọmọ.

Èmi ìyá rẹ,
Susanna


Bradford
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹjọ, oṣù Kẹwàá

Màámi,

Ẹ kúulé o. Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Mo kúnlẹ̀ kí yín ná, torí ohun tí mo fẹ́ sọ kò ní dùn.

Ẹ ní ẹ ti rí ẹni tó bá yín tọ́jú rẹ̀. Ta ni ẹni náà? Ẹ kò kọ orúkọ, ẹ kò kọ ọsibítù. Mo wo fọ́tò tí ẹ fi ránṣẹ́, mo fẹ̀ ẹ́ lójú fóònù. Eékún ọmọ mi dúdú, ó ń dán bíi pé wọ́n fi òróró ra á. Dókítà kì í fi òróró ra eékún tó wú. Ẹ ti gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń wọ́ ẹsẹ̀, àbí?

Ní ilé àwọn arúgbó tí mo ti ń ṣiṣẹ́ níbí, àwọn físíò máa ń wá lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Wọn kì í gún abẹ́rẹ́. Iṣan ara ni wọ́n mọ̀: èyí tó ti sùn, àti bí a ṣe ń jí i. Mo rí ìyá ẹni ọdún márùnlélọ́gọ́rin kan tí àwọn ọmọ rẹ̀ ti gbà pé kò lè dìde mọ́. Físíò kọ́ ọ díẹ̀díẹ̀ títí ó fi ń dá rìn lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Tolúwalọpẹ́ ṣì jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, egungun rẹ̀ ṣì ń dàgbà. Tí ẹ bá fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú un, ó lè máa tiro títí ayé.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá físíò tó mọ̀ nípa àwọn ọmọdé tó ń ṣeré ìdárayá. Ẹ jẹ́ kí wọ́n ya èksíréè. Kí ẹnikẹ́ni má tún fọwọ́ pa ibẹ̀. Ẹ sì sọ fún Gideon pé ọmọ mi kì í ṣe ẹṣin rẹ̀.

Màá gba ààwẹ̀ náà. Ṣùgbọ́n kí ẹ ti lọ kí n tó ṣínu.

Ọmọ yín,
Àyìnkẹ́


Ìgàndó
Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù Kẹwàá

Abigail,

Mo jẹ́ kí ìwé rẹ sùn fún ọjọ́ bíi mélòó kan kí n tó fèsì, kí n má baà kọ ohun tí n kò ní lè pa rẹ́.

Bẹ́ẹ̀ ni, Ìjẹ̀gùn ni mo gbé e lọ. Orí ọ̀kadà, ọmọ wà láàárín, mo fi ọwọ́ méjèèjì gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ dání, gbogbo kòtò tó wà lọ́nà yẹn ni mo mọ̀ báyìí. Ṣé o fẹ́ kí n jókòó sí pápá kí n máa wo egungun ọmọ tó ti yẹ̀ ni? Bàbá tó bá wa wọ́ ọ, òun náà ló wọ́ ọwọ́ rẹ nígbà tí o jábọ́ lórí igi àgbálùmọ̀. Ọwọ́ yẹn náà lo fi ń kọ ìwé ìbínú sí mi.

Ṣùgbọ́n mo gbọ́ tìrẹ. Lọ́jọ́bọ̀ a lọ sí ọ̀dọ̀ físíò kan ní Ẹ̀gbẹ́dá. Tòún ni wọ́n ń pè é, ọmọbìnrin kúkúrú tí n kò rò pé ó tíì pé ọgbọ̀n ọdún. Àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ kún ibẹ̀. Ọ̀kan ń gbá bọ́ọ̀lù, ọrùn-ẹsẹ̀ rẹ̀ ló rọ́. Èkejì ń lúwẹ̀ẹ́, apá ló ń dùn ún. Rọ́bà gígùn aláràbarà so mọ́ ògiri, wọ́n ń fà á bí ẹni ń fa okùn kànga.

Ó wo eékún náà, ó ní, "Màmá, ta ló fi nǹkan gbígbóná pa ibí yìí?"

Mo ní, "Wọ́n bá wa wọ́ ọ ni."

"Mi ò bá yín jà, mà. Ṣùgbọ́n eékún tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yẹ̀ ti gbóná nínú tẹ́lẹ̀. Yìnyín la máa ń gbé lé e."

Wọ́n ya èksíréè, egungun kankan kò dá. Ó wá mú téèpù bíi ti télọ̀, ó fi wọn itan rẹ̀ méjèèjì. Ọ̀tún jẹ́ sẹ̀ǹtímítà mẹ́rìnlélógójì, òsì jẹ́ méjìlélógójì. Ó ní iṣan itan ló ń di egungun yẹn mú láyè rẹ̀. Tí iṣan bá ti rọ, egungun á máa rìn gbéregbère. Ó ní kí ọmọ ká táwẹ́ẹ̀lì sábẹ́ eékún kí ó máa tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, lẹ́yìn náà kí ó na ẹsẹ̀ gbọọrọ kí ó máa gbé e sókè nígbà ọgbọ̀n, lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́. Kò gbọdọ̀ sáré, kò gbọdọ̀ fò.

Mo bi í nípa ìdíje. Ó ní, "Màmá, ẹ gbàgbé oṣù Kejìlá."

Gideon wá sílé lálẹ́ ọjọ́ náà. Ó ní àwọn tó máa fún ọmọ ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ títí dé yunifásítì ń bọ̀ wá wo ìdíje yẹn, ó ní irú rẹ̀ kì í wá lọ́dọọdún. Mo sọ ohun tí físíò wí fún un. Ṣùgbọ́n mi ò ní parọ́ fún ọ, ọkàn mi pín sí méjì.

O ní ọmọ rẹ kì í ṣe ẹṣin ẹnikẹ́ni. Ó dáa. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni nígbà tí bàbá rẹ̀ kú tí o fi í sílẹ̀ fún mi. Nọ́ńbà bàtà wo ló ń wọ̀ báyìí?

Ìyá rẹ


Bradford
Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù Kẹwàá

Màámi,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ pè mí ní Abigail, orúkọ ìrìbọmi mi tí ẹ máa ń pè tí inú bá ń bí yín. Mo ti mọ̀ pé ẹ̀ṣẹ̀ mi pọ̀. Ẹ ṣé tí ẹ gbé e lọ. Inú mi dùn sí Tòún yẹn.

Mi ò mọ nọ́ńbà bàtà rẹ̀. Ẹ ti bi mí, mo ti dáhùn. Ṣé inú yín dùn báyìí?

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni ọkàn tó pín sí méjì yẹn. Mo mọ̀ yín, Màámi. Ẹ fẹ́ràn kí wọ́n pe orúkọ ọmọ yín síta kí gbogbo ènìyàn pàtẹ́wọ́. Gideon á máa wá, á máa sọ̀rọ̀ dídùn, lọ́jọ́ kan ẹ̀yin náà á ní, "Kó kàn fo ẹ̀ẹ̀kan péré." Ẹ má dán an wò. Tí ẹsẹ̀ yẹn kò bá tíì san nígbà Kérésìmesì, màá fi gbogbo ohun tí mò ń ṣe níbí sílẹ̀, màá wọ bààlúù, màá wá mú ọmọ mi. Mo fi Ọlọ́run tó dá mi búra.

Ẹ bá mi kí Tolúwalọpẹ́. Ẹ ní kó má fo ẹsásáìsì ọjọ́ kan.

Àyìnkẹ́


Bradford
Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹta, oṣù Kọkànlá

Màámi, ẹ káàárọ̀ o.

Ó di ọjọ́ kẹtàdínlógún tí mo ti kọ̀wé sí yín. Mo pè, ẹ kò gbé e. Mo pe Tolúwalọpẹ́, ó ní, "Màmá ní a ò gbọdọ̀ sọ ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ lórí fóònù mọ́." Kí ló ń ṣẹlẹ̀ nínú ilé yẹn? Tí ohun kan bá ti ṣe ọmọ mi, ẹ sọ fún mi. Àròkàn yìí ti mú kí n fún ìyá kan lóògùn ìyá mìíràn níbi iṣẹ́; Ọlọ́run ló ní kí nọ́ọ̀sì rí i kó tó gbé e mì.

Àyìnkẹ́


Ìgàndó
Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹwàá, oṣù Kọkànlá

Àyìnkẹ́,

Mo rí ìwé rẹ méjèèjì. Kì í ṣe pé mo gbàgbé. Ojú ló ń tì mí.

Ẹsẹ̀ ọmọ yìí kò san. Lọ́jọ́ Ajé a padà lọ sí Ẹ̀gbẹ́dá. Tòún wọn itan rẹ̀: ọ̀tún ṣì wà ní mẹ́rìnlélógójì, òsì ti di ogójì ààbọ̀. Dípò kó máa pọ̀ sí i, ńṣe ló ń jò. Ó tún un wọ̀n. Ó wá kọjú sí mi níwájú àwọn òbí tó kù.

"Màmá, ṣé ó ń ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́?"

Mo ní, "Ó ń ṣe é. Mo máa ń gbọ́ ọ láti kíṣìnì bó ṣe ń kà á sókè, láti oókan dé ọgbọ̀n."

Ó mi orí. "Iṣan kì í parọ́, mà. Ohun kan ń lọ nílé yín tí ẹ kò sọ fún mi."

Èmi, Susanna, tí mo fi ọdún mẹ́rìndínlógójì bi ọmọ ọlọ́mọ ní ìbéèrè, mo dúró síbẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ká mọ́ ibi olè jíjà.

Kò tán síbẹ̀. Ní Ọjọ́rú, nínú ìsìn àárín ọ̀sẹ̀, gbogbo wa kúnlẹ̀. Mo ní kí ọmọ jókòó, ó ní òun náà fẹ́ kúnlẹ̀. Nígbà tó ń dìde, egungun náà tún yẹ̀. Ó ké débi pé orin dúró. Ó na ẹsẹ̀ náà díẹ̀díẹ̀ bí Tòún ṣe kọ́ ọ, ó sì padà. Bàbá àgbà ìjọ kan ní ọwọ́ ayé ló wà nídìí rẹ̀. Gideon ní òun mọ ẹnì kan tó lè gún un ní abẹ́rẹ́ tí kò ní jẹ́ kó mọ ìrora lọ́jọ́ ìdíje. Mo lé Gideon jáde. Bàbá ìjọ, mi ò lè lé e.

Bóyá mo ti dàgbà jù fún iṣẹ́ tí o gbé lé mi lọ́wọ́. Mo ti ń rò ó.

Susanna


Bradford
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kejìlá, oṣù Kọkànlá

Màámi,

Mi ò lè kí yín lónìí. Ẹ foríjì mí.

Ẹ sọ òótọ́ fún mi. Ẹ ti jẹ́ kó lọ fò fún Gideon, àbí? Itan kì í ṣàdédé jò. Ẹni tó kọ́ iṣẹ́ ìtọ́jú ara sọ fún yín lójúkojú pé ẹ ń fi nǹkan pamọ́. Ẹ sì tún gbé e lọ kúnlẹ̀ lórí eékún tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yẹ̀!

Mo ti bá Àǹtí Àtọ́kẹ́, mọ̀lẹ́bí wa tó wà ní Gowon Estate, sọ̀rọ̀. Wọ́n ń bọ̀ wá mú Tolúwalọpẹ́ lọ́jọ́ Sátidé, ọjọ́ kẹtàlélógún. Kí ẹ ti di ẹrù rẹ̀.

Ẹ rántí Káyọ̀dé. Mo kéré nígbà yẹn, ṣùgbọ́n mo rántí. Ibà ń gbé ẹ̀gbọ́n mi lọ, ẹ sì gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ fi àdúrà dúró tì í títí ó fi kú. Ọmọ méjì lẹ bí, ọ̀kan ló kù. Èmi, ẹyọ kan ni mo ní. Mi ò fẹ́ kí tèmi náà bọ́ mọ́ yín lọ́wọ́.

Abigail


Ìgàndó
Ọjọ́ Sátidé, ọjọ́ kẹrìndínlógún, oṣù Kọkànlá

Mọ́mì,

Ẹ káàsán mà. Mo mọ̀ pé ẹ ò retí ìwé lọ́wọ́ mi. Màmá ò mọ̀ pé mò ń kọ ọ́, wọ́n ti lọ sí Ìkòtún lọ ra ẹja.

Ìwé tí ẹ kọ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, mi ò kà á fún Màmá. Ojú wọn kì í rí ohun tó wà lójú fóònù dáadáa, èmi ni mo máa ń ka gbogbo ìwé yín fún wọn. Mo rò pé ẹ mọ̀. Mo sọ fún wọn pé ẹ ò tíì kọ̀wé. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń béèrè lárọ̀ọ́ lálẹ́ pé, "Ìyá rẹ ńkọ́?" Mi ò lè ka ọ̀rọ̀ Bọ̀dá Káyọ̀dé yẹn sí wọn létí. Mọ́mì, mi ò lè kà á.

Mi ò fò o. Màmá ò gbà kí n fò rí. Kóòṣì bẹ̀ wọ́n títí, wọn ò gbà. Èmi ni mi ò ṣe ẹsásáìsì yẹn.

Nígbà tí mo ka ibi tí ẹ ti búra pé tí ẹsẹ̀ mi ò bá san títí Kérésìmesì ẹ ń bọ̀, mo kà á fún Màmá tán, mo tún lọ ń dá kà á nínú yàrá. Mo kà á bí ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá. Láti ọjọ́ kejì ni mo ti dáwọ́ dúró. Màá ti ilẹ̀kùn, màá sùn sórí ẹní, màá máa ka "oókan, eéjì, ẹẹ́ta" sókè kí Màmá lè gbọ́, ẹsẹ̀ mi ò sì ní kúrò nílẹ̀. Tí mo bá dé ọgbọ̀n, Màmá á ní láti kíṣìnì, "O ṣeun ọmọ mi, Olúwa á fún ọ lágbára." Ìyẹn ló máa ń dùn mí jù.

Mo rò pé mo kàn máa fi falẹ̀ díẹ̀ ni, tí ẹ bá ti dé màá bẹ̀rẹ̀ padà. Ṣùgbọ́n nígbà tó yẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ̀rù bà mí gan-an. Mo rò pé mo ti bà á jẹ́ pátápátá. Gbogbo ènìyàn ń gbàdúrà lé Màmá lórí bíi pé àwọn ni wọ́n ṣe mí ní nǹkan.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún ìwé yẹn kọ. Ẹ yọ Bọ̀dá Káyọ̀dé kúrò. Ẹ má jẹ́ kí Àǹtí Àtọ́kẹ́ wá mú mi. Ẹ sì jọ̀ọ́, ṣé ẹ ṣì ń bọ̀?

Tolúwalọpẹ́


Bradford
Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù Kọkànlá

Tolúwalọpẹ́ mi,

Inú ilé ìgbọ̀nsẹ̀ níbi iṣẹ́ ni mo ti ka ìwé rẹ, torí ibẹ̀ nìkan ni wọn ò ti lè pè mí. Mo pẹ́ níbẹ̀.

Èmi náà máa jẹ́wọ́. Mi ò lè wá ní Kérésìmesì. Nígbà tí mo búra yẹn pàápàá, mo mọ̀ pé mi ò lè wá. Ìwé ìgbélùú mi wà lọ́dọ̀ ìjọba ibí láti oṣù Kẹrin, wọn ò tíì dáhùn. Tí mo bá jáde kí wọ́n tó dáhùn, ọ̀rọ̀ parí nìyẹn. Mi ò ní lè wọlé padà, gbogbo ọdún tí mo fi jìnnà sí ọ á sì já sí asán. Inú ló ń bí mi tí mo fi búra. Mo fẹ́ dẹ́rù ba Màmá. Ìwọ nìkan kọ́ lo ń ka oókan, eéjì, ẹẹ́ta láì gbé ẹsẹ̀ nílẹ̀.

Nítorí náà, bóyá eékún yẹn san o, bóyá kò san o, kò lè mú mi wá. Ìwé ló máa mú mi wá, mi ò sì mọ ọjọ́ tó máa dé. Mo mọ̀ pé ó dùn ẹ́. Sunkún tí o bá fẹ́ sunkún. Tí o bá sunkún tán, gbé ẹsẹ̀ yẹn sókè.

Mi ò ní tún ìwé kankan kọ. Èmi ni mo kọ ọ́, orúkọ mi ló wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Jókòó ti Màmá, ka ìwé ọjọ́ Ìṣẹ́gun fún wọn, má fo ìlà kan. Lẹ́yìn náà, ka tìẹ fún wọn, kí o wá ka èyí. Tí a bá tún fi ọ̀kan pamọ́, a ò ní mọ ẹni tó ń purọ́ fún ẹni mọ́. Mo ti sọ fún Àǹtí Àtọ́kẹ́ kí wọ́n má wá.

Ohun kan tún wà. Èmi ń sọ̀rọ̀, Màmá ń sọ̀rọ̀, kóòṣì ń sọ̀rọ̀. Kò sí ẹnì kan nínú wa tó bi ọ́ bóyá ìwọ fúnra rẹ ṣì fẹ́ máa fò. Mo ń bi ọ́ báyìí. Má dáhùn kíákíá.

Mọ́mì rẹ


Ìgàndó
Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kìn-ín-ní, oṣù Kejìlá

Àyìnkẹ́,

Ó ka ìwé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fún mi. Ó ti lé ní ọ̀sẹ̀ kan báyìí. Nígbà tó dé orí Káyọ̀dé, ó gbé fóònù lélẹ̀. Mo ní kó máa kà á lọ. Nígbà tó tán, mo ní kó tún ibẹ̀ kà.

Ọmọ ọdún mẹ́fà ni ọ́ nígbà yẹn, mi ò sì bá ọ sọ ọ́ rí. Ní ọjọ́ kejì tí ibà náà bẹ̀rẹ̀, mo pọn Káyọ̀dé, mo gbé e lọ sí ọsibítù. Wọ́n ní kò sí bẹ́ẹ̀dì. Mo gbé e lọ sí òmíràn. Ẹni tó wà lẹ́nu géètì ní àwọn dókítà ti daṣẹ́ sílẹ̀, kí n padà wá lọ́jọ́ Ajé. Mo kúnlẹ̀ fún un, Àyìnkẹ́, ní títì. Ilẹ̀ ti ṣú. Mo gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì nítorí ibẹ̀ nìkan ni wọ́n ti ṣílẹ̀kùn fún mi. Ìyẹn ni ìwọ rí. Ohun tó ṣáájú rẹ̀, ẹ̀yìn mi nìkan ló mọ̀ ọ́n.

Mi ò na Tolúwalọpẹ́. Mo ní kó dùbúlẹ̀ sí pálọ̀, kó gbé ẹsẹ̀ náà níwájú mi. Ẹ̀ẹ̀mẹrin péré ló lè gbé e, ó ń gbọ̀n bí ewé. Ó ń sunkún, ó ní, "Màmá, ẹ máà wò mí." Mo ní màá wò ó. Etí ni mo ti ń fi ṣọ́ ọmọ láti ọjọ́ yìí, ojú ló yẹ kí n lò. Láti ìgbà náà, pálọ̀ ló ti ń ṣe é.

A lọ jẹ́wọ́ fún Tòún. Mo rò pé ó máa bínú. Ó ní, "Màmá, ẹ̀yin kọ́ ni ẹni àkọ́kọ́. Ọmọ kan ń kánjú kó san lọ́la, ọmọ mìíràn ń bẹ̀rù kó san. Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀."

Gideon náà wá. Ọmọ rẹ kò jẹ́ kí n dáhùn. Ó ní, "Sà, mi ò ní fò níbi ìdíje ọjọ́bọ̀."

"Ṣé o mọ̀ pé ẹlòmíràn á gba àyè rẹ?"

"Kó gbà á, sà."

Gideon wò mí, ó wò ó, kò mu omi tí a gbé fún un. Nígbà tó lọ tán ni ọmọ wọ yàrá, ó sì pẹ́ kó tó jáde.

Ọ̀rọ̀ Káyọ̀dé yẹn ṣì ń dùn mí, má sọ pé kí n gbàgbé. Ṣùgbọ́n kọ̀wé. Má dákẹ́ bí èmi ṣe dákẹ́.

Ìyá rẹ,
Susanna


Bradford
Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kejì, oṣù Kejìlá

Màámi,

Orí ìkúnlẹ̀ ni mo wà bí mo ṣe ń kọ èyí, ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni mo fi ṣe tábìlì. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni mo ti fi bínú sí yín lórí ohun tí mo rí láti ẹnu ọ̀nà. Mi ò mọ ọ̀rọ̀ tí mo lè sọ tó máa tó o. Ẹ jọ̀ọ́, mà.

Níbo ni wọ́n sin ín sí? Mi ò béèrè rí.

Àyìnkẹ́ yín


Ìgàndó
Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kejì, oṣù Kẹta, 2025

Mọ́mì,

Ẹ káàárọ̀ mà. Ṣé yìnyín ti yọ́ lọ́dọ̀ yín? Màmá ní kí n kí yín, ọwọ́ ń ro wọ́n, èmi ni kí n kọ ti ọ̀sẹ̀ yìí.

Lọ́jọ́ Ẹtì, Àǹtí Tòún wọn itan mi. Ọ̀tún mẹ́rìnlélógójì ààbọ̀, òsì mẹ́rìnlélógójì. Wọ́n ní kí n fi ẹsẹ̀ òsì nìkan dúró kí n di ojú, mo dúró. Wọ́n ní kí n fi ẹsẹ̀ kan tọ títí dé ògiri, mo tọ. Wọ́n ní mo lè lọ sídìí yanrìn, ṣùgbọ́n kí n má sáré wá o, kí n dúró lójú kan kí n fi ẹsẹ̀ méjèèjì fò.

Àná la lọ. Màmá àti Àǹtí Tòún dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Promise wà níbẹ̀ náà, òun ló gba àyè mi nínú ìdíje, òun ni wọ́n sì fún ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ yẹn. Mo bá a yọ̀. Kì í ṣe pẹ̀lú gbogbo inú mi ṣá, mi ò ní parọ́. Ó dáwọ́ eré dúró, ó ń wò mí.

Mo dúró létí yanrìn, mi ò lè fò. Mo mọ̀ pé iṣan ti padà, mo rí i lójú téèpù, síbẹ̀ ẹsẹ̀ mi ò dáhùn. Mo gbọ́ Màmá tí wọ́n ní, "Kó máa bọ̀ wálé, kò pọn dandan." Àǹtí Tòún ní, "Ẹ jẹ́ kó dúró, mà. Ẹ jẹ́ kó dá pinnu fúnra rẹ̀." Oòrùn ń pa wá. Mo dúró pẹ́ débi pé àwọn tó ń wò mí ti ń lọ. Nígbà tó yá mo fò.

Kò jìnnà. Mítà kan àti díẹ̀, ọmọ kékeré lè fò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n mo balẹ̀, mo tẹ eékún, ó sì dúró síbi tó yẹ kó dúró. Màmá jókòó sínú yanrìn pẹ̀lú aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n dìídì wọ̀ wá.

Ẹ bi mí nígbà yẹn bóyá mo fẹ́ máa fò. Ẹ ní kí n má dáhùn kíákíá, mo sì ti pẹ́ tó. Bẹ́ẹ̀ ni, Mọ́mì. Mo fẹ́.

Ìwé ìgbélùú yín kò tíì dé, mo mọ̀, torí ẹ ò bá ti sọ. Mo ṣì fẹ́ kí ẹ wá, lójoojúmọ́ ni. Ṣùgbọ́n mi ò ní fi ẹsẹ̀ mi pè yín mọ́. Ẹnu ni màá máa fi pè yín.

Ọmọ yín,
Tolúwalọpẹ́